Èéfín Ọkọ̀ Gàníyù

Múdàṣírù kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan sípánà. Ọ̀rá tí wọ́n fi di iyọ̀ fún un láàárọ̀ ló mú, ó gbọn èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ dà nù, ó sì fi rọ́bà dè é mọ́ ẹnu páìpù kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ó fi ìka tọ́ ọ yípo kí ó lè dá a lójú pé afẹ́fẹ́ kò ní í rí ẹ̀gbẹ́ yọ́ gbà. Lẹ́yìn náà ló gbórí sókè.

"Gàníyù, tan án."

Gàníyù yí kọ́kọ́rọ́. Píjò 504 náà wúkọ́, ó gbọ̀n, ó sì gba iná. Èéfín aláwọ̀ aró bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nídìí sàlẹ́ńsà. Ojú ọ̀run ti ṣú láti òwúrọ̀, atẹ́gùn kò sì fẹ́ rárá, nítorí náà èéfín náà kò gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ. Ó gba àárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ táyà wọn, ó rápálá títí dé ìdí igi máńgòrò níbi tí àwọn àgbà yáàdì jókòó sí. Wọ́n ń wò ó bó ṣe ń bọ̀. Kò sí ẹni tó dìde.

Ọ̀rá ẹnu páìpù ti wú. Ó wú bí àpò ìtọ̀ àgbò tí àwọn ọmọdé máa ń fẹ́ nígbà Iléyá, ó le gbandi, ó ń gbọ̀n, ó sì já, ó fò lọ.

"Pa á," ni Múdàṣírù wí.

Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe kò gbọdọ̀ mí báyìí. Iná tó ń jó lórí písítìn, irin tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, òkè ló yẹ kó dúró sí, kó máa ti písítìn wálẹ̀. Bí ó bá rí ọ̀nà yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìn kọjá, inú ọ́ìlì nísàlẹ̀ ni yóò máa fẹ́ sí, ọ̀nà kan náà sì ni ọ́ìlì yóò gbà gòkè lọ jóná. Ohun tó ń dí ọ̀nà yẹn kò ju ríìngì lọ, àwọn òrùka irin tí wọ́n fi ń de písítìn lára. Múdàṣírù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé gbogbo yáàdì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o rí i, Múdà?" Gàníyù ti bọ́ sílẹ̀, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì kiri. "Wọ́n ti ta ríìngì mi jẹ! Ògbólógbòó ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ mi!"

"Mi ò tíì rí ríìngì kankan. Afẹ́fẹ́ ni mo rí."

"Afẹ́fẹ́ kẹ̀! Ọlọ́pàá tó dá mi dúró ní Ìyànà-Ìpájà lánàá, ṣé o mọ ohun tó bi mí? Ó ní, 'Dírẹ́bà, ṣé ẹja lò ń yan nínú búùtù ni?'"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Táyéwò, tó jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò rẹ́rìn-ín.

Táyéwò ló to ẹ́ńjìnnì náà. Ọmọ Èkìtì ni, jẹ́jẹ́ ẹ̀dá tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, òun àti Múdàṣírù sì ni wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan ní yáàdì tó wà lẹ́yìn ọjà Ìkọ̀tún yìí. Nígbà tí Gàníyù ra sílíìfù, písítìn àti ríìngì tuntun dé, Múdàṣírù ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún àdúrà ìyá rẹ̀ tó kú. Ọwọ́ Táyéwò nìkan ni ẹrù náà bọ́ sí. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà tó ń kó ríìngì sára písítìn, kò sì sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i pé tuntun ló kó. Múdàṣírù fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, òun náà kò sì sí nílé.

Bàbá Àmúsà, olórí yáàdì, dìde lábẹ́ igi máńgòrò. Àgbà tí kì í gbóhùn sókè ni.

"Èéfín nìwà, Múdàṣírù. Kò sí aṣọ téèyàn lè fi bò ó. Lọ́la, bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, kí ọmọkùnrin yìí wá fi ahọ́n kan irin. Bí kò bá jí i, kí ló ń bẹ̀rù?"

Irin tó ń wí ni kíránkì, ọ̀pá irin inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nídìí igi náà, tí ọdọọdún ni wọ́n ń da epo sí i. Ó ti dúdú, ó ti ki, eṣinṣin kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ní yáàdì yóò kúnlẹ̀, yóò fi ahọ́n kàn án, yóò sì sọ pé òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ni Simeon, mẹkáníìkì kan ní yáàdì náà. Ẹjọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì tuntun, èéfín, wọ́n ní ó ti pààrọ̀ ríìngì. Simeon kúnlẹ̀, ó búra. Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, típà kan pa á lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin. Yáàdì kò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n ní irin ti dájọ́.

"Bàbá, ẹ dákun," ni Táyéwò wí. "Mi ò jí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra. Ìgbàgbọ́ mi kò gbà á."

"Ìgbàgbọ́ ẹ gbà kó o ta ríìngì, kò gbà kó o búra!" ni ẹnì kan kígbe láti abẹ́ ọkọ̀. "Ìgbàgbọ́ tó mọ ọjà á tà!"

"Ẹni tí kò bá búra, yóò kó ẹrù rẹ̀," ni Bàbá Àmúsà wí. "Láti ibí dé Ẹ̀gbẹ́dá, dé Ìdímù, kò sí yáàdì tí yóò gbà á. Mo ti sọ tèmi."

Múdàṣírù nu ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wo inú ẹ́ńjìnnì yìí ná."

"Wò ó. Ohun tó o bá rí, gbogbo wa la máa rí i. Bí ògbólógbòó bá jáde, kò sí ọ̀rọ̀ ìbúra mọ́. Àgọ́ ọlọ́pàá ni."

Múdàṣírù kò yára. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀. Títú ẹ́ńjìnnì tó ti bàjẹ́ palẹ̀ ló fi kọ́ ara rẹ̀, ohun tó sì rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì kì í purọ́ bí èèyàn bá bi í léèrè létòlétò. Ó tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí Gàníyù máa yí kọ́kọ́rọ́, òun sì ń fi àtàǹpàkò dí ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí afẹ́fẹ́ ta àtàǹpàkò rẹ̀ nù bí ẹni fi ìkùùkù lù ú. Kò ta á. Ó kàn ń tì í bí ọmọ ewúrẹ́ ṣe ń forí ti ọmú ìyá rẹ̀. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bákan náà.

Ó wá fi ṣíbí bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó tún fi àtàǹpàkò dí i. Lọ́tẹ̀ yìí, afẹ́fẹ́ ta ọwọ́ rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ariwo.

"Kí lèyí túmọ̀ sí?" ni Gàníyù béèrè.

Múdàṣírù ì bá fẹ́ láti má dáhùn. "Ọ́ìlì tí mo bù sí i ló dí àlàfo. Bó bá jẹ́ pé fáàfù tó ń ṣí tó ń pa dé lókè ló ń jò, ọ́ìlì kò ní í dí i. Ìsàlẹ̀ ló ti ń jò."

"Ìsàlẹ̀ ibo?"

"Ibi ríìngì."

Ariwo sọ lábẹ́ igi. Táyéwò bo ojú rẹ̀.

Wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Àwọn tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ tiwọn ti pagbo yí i ká. Múdàṣírù tú orí ẹ́ńjìnnì, ó tú ìdí rẹ̀, ó ti písítìn àkọ́kọ́ jáde, ó sì fi èékánná yọ ríìngì òkè. Ó fi epo pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀.

Tuntun ni. Lẹ́tà tí wọ́n máa ń tẹ̀ sórí tuntun ṣì wà lára rẹ̀, òkè gan-an ni Táyéwò sì kọjú rẹ̀ sí bó ṣe yẹ. Ó yọ ìkejì, ó yọ ìkẹta. Ó yọ ti písítìn tó kù. Tuntun ni gbogbo wọn. Ó nà wọ́n sí Bàbá Àmúsà.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nǹkan kan."

Bàbá Àmúsà yí ríìngì náà lọ́wọ́, ó yí i padà. "Tuntun ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n o ní ibẹ̀ ló ti ń jò. Tuntun tó ń jò, ta ló tò ó? Bí kò bá jí i, a jẹ́ pé ó bà á jẹ́. Ahọ́n rẹ̀ kò tíì bọ́ lórí irin."

Ibẹ̀ ni Múdàṣírù ti rí i pé ilẹ̀ kò tíì tẹ́jú. Ó tún mú ríìngì náà. Ohun kan kò yé e: ó ti tuntun jù. Ọkọ̀ yìí ti ń rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, síbẹ̀ àmì ẹ̀rọ tó gbẹ́ ríìngì ṣì wà lójú rẹ̀ yípo, àfi bí ẹni pé kò fara kan nǹkan kan rí. Ó tẹ̀ ba, ó wo inú sílíìfù, ihò irin tí písítìn ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Ojú ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀. Inú ihò náà ń dán bíi díńgí.

Ó fi èékánná fà á, èékánná yọ̀. Sílíìfù tuntun kì í dán. Ìlà wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀ tó ń dábùú ara wọn bí ìhun ẹní, àwọn ìlà yẹn ló sì ń rẹ́ ojú ríìngì títí tí òun àti sílíìfù yóò fi mọ ara wọn. Èyí kò ní ìlà mọ́. Nǹkan kan ti yí mọ́ ọn bí dúdú èéfín ṣe ń yí mọ́ ìdí ìkòkò.

"Gàníyù, báwo lo ṣe ń wa ọkọ̀ yìí látìgbà tí wọ́n ti tò ó?"

"Bí ẹyin!" Gàníyù fi ọwọ́ sáyà. "Bí Bàbá ṣe wí gan-an. Wọ́n tàn án níbí láàárọ̀, ó dúró lójú kan, ó ń rọra ṣiṣẹ́ ní síló títí wọ́n fi fẹ́ palẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà mi ò gbé èrò kan, mi ò tẹ iná. Ìrìn ìyàwó ni mò ń rìn. Kẹ̀kẹ́ gan-an ń yà mí sílẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é," ni Bàbá Àmúsà wí. "Ẹ́ńjìnnì tuntun, ọmọ ìkókó ni. Ṣé ọmọ ìkókó ní í ru ẹrù?"

Ooru kan gun ẹ̀yìn ọrùn Múdàṣírù. Ó rí i lójú ẹsẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì náà ń ṣiṣẹ́ níwájú rẹ̀. Iná orí písítìn ló máa ń gba ẹ̀yìn ríìngì, tí yóò ti ojú rẹ̀ mọ́ ògiri. Bí iná bá lágbára, a tì í gidi. Ní síló, iná kò lágbára. Ríìngì kàn ń fọwọ́ pa ògiri lórí ni, ọ́ìlì tó wà láàárín wọn sì ń jóná díẹ̀díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ irin, ó ń dí àwọn ìlà náà títí ó fi dán. Ìkẹ́ ló ba ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló mú ooru gun ọrùn rẹ̀. Gbogbo ẹ́ńjìnnì tó jáde ní yáàdì yìí ni wọ́n ń fi sí síló láti àárọ̀ dalẹ́. Èyí tí Simeon tò náà wà nínú wọn. Kò sí ẹni tó ṣí tirẹ̀ wò.

Kò sọ èyí. Ó sọ ìyókù, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ fi í wé ọlọ. Ọlọ tó bá ti dán, ata kì í kúnná lórí rẹ̀, wọ́n á tún fi òkúta mú un lójú ni. Ọ̀bẹ náà, ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, títí di ọ̀la kò ní í mú."

Nígbà tí Bàbá Àmúsà yóò fi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sí i.

"Ìyẹn ni pé èmi ni mo ba ọkọ̀ Gàníyù jẹ́."

"Bàbá, mi ò wí bẹ́ẹ̀."

"O wí i. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi lo pè ní ìbàjẹ́ yẹn." Ó dá ríìngì padà sí i lọ́wọ́. "Ó dáa. Tún un ṣe bó o ṣe mọ̀. Lọ́la lẹ́yìn Jímọ̀, èmi fúnra mi máa wọ ọkọ̀ náà. Bí èéfín bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò búra. Bí kò bá lọ, ìwọ àti Táyéwò lẹ jọ máa kó ẹrù yín."

Wọn kò jẹun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Múdàṣírù fi bóòtù àti wáṣà de àwọn sílíìfù mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà mì lójú ìdúró wọn. Ó ká sáńpépà mọ́ igi róbótó, ó rì í sínú kẹrosíìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú ihò, ó ń yí ọwọ́ bó ṣe ń lọ kí ìlà tó ń fà lè máa dábùú ara wọn. Kò tẹ̀ ẹ́ jù. Nígbà tí díńgí inú ihò náà ṣú, tí ó dà bí eérú, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Táyéwò ń se omi lórí sítóòfù. Wọ́n fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n tún fọ̀ ọ́, títí aṣọ funfun tí wọ́n fi nù ún fi jáde ní funfun.

"Bọ̀ọ̀dá Múdà," ni Táyéwò wí nígbà tó ń kó ríìngì padà sí ara písítìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, "ṣé ẹ gbà mí gbọ́ kí ẹ tó ṣí i?"

Múdàṣírù ń wò ó bó ṣe ń yí ẹnu ríìngì kọ̀ọ̀kan síbi tirẹ̀ kí àlàfo wọn má baà to lójú kan náà. Ó ṣe é dáadáa. "Mi ò mọ̀," ló dáhùn. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣí i."

Táyéwò mi orí, ó sì mú ríìngì tó kàn.

Nígbà tí àwọn tó lọ kírun yóò fi padà dé, ẹ́ńjìnnì ti wọ inú ọkọ̀. Múdàṣírù kò jẹ́ kó pẹ́ ní síló. Ó ní kí wọ́n di àpò yanrìn sí ẹ̀yìn títí ìdí ọkọ̀ fi wálẹ̀. Bàbá Àmúsà jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gàníyù, Múdàṣírù àti Táyéwò há sáàárín yanrìn. Nídìí igi máńgòrò, ẹnì kan ti gbé ìgò epo kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin dè wọ́n. Òjò ń kùn lójú ọ̀nà Ìgàndó.

Wọ́n gba ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin. Èéfín aró náà tú sẹ́yìn wọn, ó tilẹ̀ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Jíà kẹta," ni Múdàṣírù wí nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè. "Tẹ̀ ẹ́."

"Múdà, ọmọ mi lọkọ̀ yìí o!"

"Tẹ̀ ẹ́, Gàníyù!"

Gàníyù tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà ké, ó gun òkè pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ní orí òkè, Múdàṣírù ní kó gbẹ́sẹ̀ kúrò pátápátá, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ fa ọkọ̀ dúró. Èéfín bo gbogbo títì. Bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè lẹ́yìn wọn títí, awakọ̀ rẹ̀ sì yọ orí: "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ sin wá láàyè ni?"

"Tún tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n yí padà, wọ́n tún gun òkè náà. Wọ́n tún gùn ún. Gàníyù ń sunkún ní gbangba, òógùn àti omijé ti dàpọ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá Àmúsà di ilẹ̀kùn mú. Múdàṣírù ń tẹ́tí sí ìró ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń ki, ṣùgbọ́n kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó bá ń retí nǹkan, etí rẹ̀ lè tàn án jẹ.

Táyéwò ló kọjú sẹ́yìn.

"Mo ti ń rí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa."

"Kí lo wí?"

"Ọkọ̀ ẹ̀yìn. Mo ń rí i. Pupa ni." Wọ́n gun òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mo ń ka nọ́ńbà rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Múdà."

Nígbà tí wọ́n ń padà, wọ́n kọjá ibi tí típà ti pa Simeon. Bàbá Àmúsà ń wo ojú ọ̀nà níwájú.

"Ti Simeon ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé síló náà ni?"

"A kò ṣí i, Bàbá," ni Múdàṣírù dáhùn.

Gàníyù wa ọkọ̀ náà títí dé Ìkọ̀tún.

Ní yáàdì, Gàníyù kò pa ọkọ̀. Bàbá Àmúsà lọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dí ẹnu sàlẹ́ńsà níwọ̀nba bó ṣe lè fara da ooru rẹ̀. Ó yí ọwọ́ náà padà. Ó gbẹ. Eérú díẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí ọ́ìlì. Ó na ọwọ́ náà sí gbogbo wọn, wọ́n sì wá wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni wo òkú.

Ẹni tó gbé epo wá gbá ìgò rẹ̀ mú. "Bàbá, ṣé ẹ máa..."

"Gbé e kúrò níbẹ̀," ni Bàbá Àmúsà wí.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn sá wọ abẹ́ páànù, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àmúsà, ó ti tú palẹ̀, písítìn tuntun rẹ̀ wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbà náà lọ dúró tì í, ó sì pe orúkọ.

"Táyéwò."

"Sà."

"Ìwọ ni kó o to èyí. Bó o bá tò ó tán, Múdàṣírù ni yóò sọ bí wọn yóò ṣe wà á. Ohun tó bá sọ ni kí wọ́n ṣe."

Táyéwò bu pẹtiróòlù, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì ṣí páálí náà níwájú gbogbo wọn.